Mo ti ṣe Exam P lẹ́ẹ̀mejì, 5 ni mo ń gbà: ṣé kí n jáwọ́ ni?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Òṣogbo ni mò ń gbé, ilé ìfowópamọ́ kékeré kan ní Òkè-Fìà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì. Mo fẹ́ di actuary, mo sì ti jókòó ṣe Exam P, ìdánwò ẹgbẹ́ àwọn actuary ní Amẹ́ríkà, Society of Actuaries, lẹ́ẹ̀mejì. 5 ni mo gbà lákọ̀ọ́kọ́, 5 náà ni mo tún gbà lẹ́ẹ̀kejì. Mà, mo ń kàwé o! Láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago méjì òru ni, fún odindi oṣù mẹ́ta. Mo ka ìwé náà tán lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ojú ewé tí n kò fi bírò yẹ́lò fàlà sí. Mo wo gbogbo ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé, wọ́n sì yé mi. Àmọ́ bí mo bá dé iwájú kọ̀ǹpútà, àfi bíi pé n kò rí irú rẹ̀ rí. Ìyàwó mi ní kí n fi owó dọ́là tí mò ń san yìí ra ilẹ̀. Ṣé ọpọlọ mi ni kò gbé e? Ṣé kí n jáwọ́ ni?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Kí n tètè dá ọ lóhùn lórí èyí tí kò jẹ́ kí o sùn: má tíì jáwọ́. Láti 0 dé 10 ni wọ́n ń ka máàkì ìdánwò yẹn, 6 ni àṣeyege. Ẹni tó gba 5 ti dé ẹnu ọ̀nà, ìbéèrè díẹ̀ péré nínú 30 ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó wọlé. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń jókòó ṣe é káàkiri ayé ni kì í yege, àwọn olóyè ìmọ̀ ìṣirò sì pọ̀ láàárín wọn. Ọpọlọ rẹ gbé e.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí tí ẹ kò mọ iṣẹ́ wa: actuary ni ẹni tó ń ṣírò ewu fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò àti àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì. Mélòó nínú oníbàárà ni ikú lè mú lọ́dún yìí, ọkọ̀ mélòó ló lè ní jàǹbá, èló ni kí a máa gbà kí àpò má bàa gbẹ. Ọ̀wọ́ ìdánwò ni èèyàn ń gbà kọjá kó tó di ọ̀kan. Exam P, tó dá lórí ìṣeéṣe (probability), ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Exam FM, tó dá lórí ìṣirò owó èlé, ló sábà máa ń tẹ̀ lé e.

Ó yá, ká wo wákàtí rẹ. Àwa tí a ti kọjá níbẹ̀ máa ń sọ pé kí èèyàn fi wákàtí 100 kàwé fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ìdánwò bá gbà. Wákàtí 3 ni Exam P, ó di 300. Ìwọ fi wákàtí 4 lálẹ́ fún oṣù mẹ́ta, ìyẹn ti lé ní 350. Wákàtí kọ́ ló ṣẹ́ ọ kù. Ohun tí o fi wákàtí náà ṣe ni èmi fẹ́ bá ọ jà lé lórí.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló ta sí mi létí nínú lẹ́tà rẹ: "wọ́n sì yé mi". Bí o bá dúró ti ẹni tó ń gúnyán, wàá rí bó ṣe ń gbé ọmọ odó sókè, wàá rí ìgbà tó ń ta omi sí i, kò sí ohun tí kò ní yé ọ níbẹ̀. Gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀ kí o wá wò ó. Ìdáhùn tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, iyán ẹlòmíràn ni. Ojú rẹ ló ń bá a rìn, ọwọ́ rẹ kò sí níbẹ̀. Bírò yẹ́lò tún wá burú jù, torí ó ń jẹ́ kí ó dà bíi pé èèyàn ti ṣiṣẹ́.

Èrò tèmi nìkan kọ́ nìyí. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà láti kà. Wọ́n ní kí àwọn kan tún un kà, wọ́n ní kí àwọn kan pa ìwé dé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló mọ̀ ọ́n jù. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n rántí 42% péré, àwọn tó pa ìwé dé rántí 56%. Ṣé o rí i? Títún ìwé kà máa ń jẹ́ kó dà bíi pé iṣẹ́ ti mọ́ni lára lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyẹn gan-an ló fi ń tan èèyàn jẹ.

Nítorí náà, àṣà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o yí padà kò ju èyí lọ: pa bírò yẹ́lò tì. Bí o bá ka ojú ewé mẹ́ta, pa ìwé náà dé, kí o gbé ìbéèrè síwájú. Society of Actuaries gbé ìbéèrè àpẹẹrẹ rẹpẹtẹ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìdáhùn wọn, ọ̀fẹ́ ni. Fi bébà bo ìdáhùn. Jìjàkadì pẹ̀lú ìbéèrè kan fún ìṣẹ́jú 15 kì í ṣe òfò, kódà bí ó bá dá ọ gbalẹ̀. Nígbà tí o bá fẹ́ ṣí ìdáhùn, ka ìlà àkọ́kọ́ nìkan, tún bò ó, kí o parí èyí tó kù fúnra rẹ.

Jẹ́ ká mú ọ̀kan, èmi ni mo dá a sílẹ̀ ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe máa ń rí nìyí. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní oníbàárà onímọ́tò. 60% wọn ti pẹ́ nídìí ọkọ̀, ìṣeéṣe pé ọ̀kan nínú wọn yóò ní jàǹbá lọ́dún jẹ́ 0.05. 40% tó kù ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọkọ̀ ni, tiwọn jẹ́ 0.15. Oníbàárà kan ní jàǹbá. Kí ni ìṣeéṣe pé ó wà lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọkọ̀?

Ẹni tó ń kánjú á mú 0.15. Ẹni tó mọ̀ ọ́n díẹ̀ á sọ 0.4 di púpọ̀ lọ́nà 0.15, á rí 0.06, á tẹ̀ ẹ́, torí 0.06 á ti wà níbẹ̀ láàárín ìdáhùn márùn-ún tí wọ́n tò sílẹ̀. Àwọn tó ń kọ ìbéèrè wọ̀nyí mọ ibi tí a ti ń ṣì í, wọ́n á dẹ pańpẹ́ síbẹ̀. Èmi á sọ pé kí o fojú inú wo oníbàárà 1,000. 600 ti pẹ́ nídìí ọkọ̀, 30 nínú wọn ní jàǹbá. 400 ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ, 60 nínú wọn ní jàǹbá. Gbogbo àwọn tó ní jàǹbá jẹ́ 90. Wọ́n ti sọ fún ọ pé oníbàárà yìí wà lára 90 yẹn, 60 nínú wọn ni akọ́kọ̀tuntun. 60 nínú 90, ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Ká ní o mú 0.06. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á wo ìdáhùn, wọ́n á ní "háà, mo mọ̀ ọ́n!", wọ́n á kọjá lọ. Má kọjá. Ra ìwé kan lọ́tọ̀, ìwé ọgọ́ta ojú ewé tí àwọn ọmọ iléèwé ń rà ní Ayégbajú tó o. Kọ ọjọ́ sí i, kọ nọ́ńbà ìbéèrè náà, kí o kọ ìdí tí o fi ṣì í ní gbólóhùn kan ṣoṣo, ní èdè tó bá wù ọ́. Má da ìdáhùn tó tọ́ kọ síbẹ̀ rárá. Kọ "n kò rí i pé wọ́n ti sọ fún mi pé jàǹbá ti ṣẹlẹ̀, n kò pín in." Mo ní ọmọkùnrin kan tí mo máa ń bá ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé nígbàkigbà tí mo bá wá sílé ní Òṣogbo. Ó dá a lójú pé kálíkúlọ́ọ̀sì ló ń pa òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó fi kọ ìwé àṣìṣe rẹ̀, ó ju ìdajì àwọn àṣìṣe náà lọ tó jẹ́ pé kò ka ìbéèrè dé òpin ni. "Ó kéré tán méjì", ó kà á sí "méjì". Kálíkúlọ́ọ̀sì kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

(Tìrẹ lè jẹ́ kálíkúlọ́ọ̀sì lóòótọ́ o. Bí nǹkan méjì bá ń yí padà pọ̀ nínú ìbéèrè, tí o kò sì mọ ibi tí ó yẹ kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ, ya àwòrán àyè náà kí o tó kọ ohunkóhun. Ẹni tí kì í yàwòrán ni ìbéèrè yẹn máa ń gbé ṣubú.)

Wàyí o, ọ̀rọ̀ oru. Ọmọ Òṣogbo ni ọ́, o kò ní ṣàìmọ aró. Ìyá tó bí ìyá mi, aláró ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń rò pé bí aṣọ bá ṣe pẹ́ tó nínú ìkòkò ni yóò ṣe dúdú tó. Màmá kò jẹ́ kó pẹ́. Yóò rì í, yóò yọ ọ́, aṣọ náà á jáde ní àwọ̀ ewé, yóò sá a kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ojú wa báyìí ló ṣe máa ń di búlúù. Yóò tún rì í padà. Ìgbà tí ó bá ń gbafẹ́fẹ́ yẹn wà lára iṣẹ́ náà. Wákàtí mẹ́rin lórí orí ọ̀rọ̀ kan ní alẹ́ kan, o ń rẹ aṣọ sínú ìkòkò ni. Ìbéèrè tí o bá ṣe lónìí, fi ọ̀túnla tún un ṣe láti orí bébà òfìfo, tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èyí tí o bá ti gbàgbé nínú wọn, inú mi á dùn sí i, torí ìrántí tí o fi ipá fà padà ni kì í tètè ṣí.

Oorun náà ń ṣe iṣẹ́ atẹ́gùn yẹn, ìgbà tí a bá sùn ni ọpọlọ ń di ohun tí a kọ́ mú. Ẹni tó ka owó oníbàárà láti àárọ̀, tó wá ń kàwé di aago méjì òru, ojú lásán ló fi ń kà á. Sùn ní aago mẹ́wàá. Jí ní 4:30, kàwé títí di aago mẹ́fà, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Bí o bá jẹ́ Mùsùlùmí, ìrun Àsùbáà á kúkú bá ọ lójúfò, ìlú kò sì tíì pariwo. Wákàtí 4 lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ Àìkú, lọ jókòó ti ìyàwó rẹ. Bí o bá ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ 12, kò pé 140 wákàtí, ó sì tó, torí ìpìlẹ̀ ti wà láti inú wákàtí 350 ti ìṣáájú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kẹ́yìn, má ka orí kankan mọ́. Da ìbéèrè pọ̀ mọ́ ara wọn láti orí ọ̀rọ̀ gbogbo, mú 30, yí aago sí wákàtí 3, gbé fóònù lọ sí yàrá kejì. Ìṣẹ́jú 6 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe pàtàkì kí wọ́n dà pọ̀: bí o bá ń ṣe ìbéèrè ogún lórí ohun kan ṣoṣo, orí ìwé náà ti sọ fún ọ irú ohun tí ó jẹ́ kí o tó kà á. Nínú gbọ̀ngàn, kò sẹ́ni tí yóò sọ fún ọ. Ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé o kò rí irú rẹ̀ rí. Èyí tó bá ju ìṣẹ́jú 6 lọ, fi àmì sí i kí o máa lọ, kọ̀ǹpútà gbà ọ́ láyè láti padà. Má fi ọ̀kan sílẹ̀ lófìfo, wọn kì í yọ máàkì fún èyí tí èèyàn ṣì.

Ẹ̀rọ ìṣirò tí o máa gbé wọlé ni kí o máa lò láti òní. Èmi ń sọ èyí pẹ̀lú ìtìjú. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣe Exam FM, mo fìdí rẹmi. Mo ti fi BA II Plus mi ṣe ìṣirò owó ìbẹ̀rẹ̀ oṣù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo sì gbàgbé láti dá a padà. Lẹ́tà BGN bíńtín ("begin", ìbẹ̀rẹ̀) ló wà lókè ojú rẹ̀, n kò wò ó. Ẹ̀rọ náà ń ka gbogbo owó bíi pé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n ń san án. Ọdún 10, ₦100,000 lọ́dọọdún, èlé 10%: bí wọ́n bá ń san án ní ìparí ọdún, iye rẹ̀ lónìí jẹ́ nǹkan bí ₦614,457. Tèmi ń sọ ₦675,902. Àwọn méjèèjì ló sì wà lára ìdáhùn tí wọ́n máa ń tò sílẹ̀, mo ti sọ fún ọ nípa pańpẹ́. Ìbéèrè mélòó ni mo sọ nù báyẹn kí n tó rí i? Ó tó láti fi mí sí 5, bíi tìrẹ.

O kò béèrè, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn á béèrè: má pa P àti FM pọ̀. Oṣù kìn-ín-ní, ẹ̀kẹta, ìkarùn-ún, ìkeje, ìkẹsàn-án àti ìkọkànlá ni P, àárín wọn ni FM. Gba P tán ná. Bí Èkó ni o ti máa ṣe é, lọ sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Má wọ mọ́tò ìdájí ní Old Garage kí o ní o máa bá a. Kí orúkọ tó wà lórí ìwé ìdánimọ̀ rẹ bá èyí tí o fi forúkọ sílẹ̀ mu, lẹ́tà sí lẹ́tà.

Ti ìyàwó rẹ wá ńkọ́? Kò jẹ̀bi, owó ilé ló ń ṣọ́. Wò ó bóyá ẹ̀dínwó tí Society of Actuaries ń ṣe fún àwọn orílẹ̀-èdè kan kàn ọ́, kí o sì fi gbèdéke sọ́wọ́ rẹ̀: ìgbà méjì sí i, pẹ̀lú ọ̀nà tuntun yìí. Bí máàkì rẹ bá bọ́ sí 3 lẹ́yìn tí o ti ṣe gbogbo èyí, èmi fúnra mi á sọ fún ọ pé kí o ra ilẹ̀. Bí o bá kọ ìwé àṣìṣe náà kún ojú ewé mẹ́wàá, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. N kò fẹ́ rí bírò yẹ́lò kankan níbẹ̀ o.