Ṣé AutoCAD ni kí n kọ́kọ́ kọ́ fún iṣẹ́ yíya àwòrán ọgbà, àbí SketchUp?

AutoCAD ni, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà fún yíya àwòrán oníwọ̀n. Ó ti wà láti 1982, fáìlì DWG rẹ̀ sì ni àwọn ayàwòrán ilé àti awọnlẹ̀ sábà máa ń fi ránṣẹ́. SketchUp, ètò tó ń ya àwòrán 3D, dára láti fi han oníbàárà bí ọgbà yóò ṣe rí, ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró ná.

Má wulẹ̀ há gbogbo àṣẹ sórí. Line (ìlà), polyline (ìlà alásopọ̀), offset (ṣíṣe ẹ̀dà ìlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀), trim (gígé ìlà tó ṣẹ́kù) àti hatch (fífi àpẹẹrẹ ìlà kún àyè kan) ti tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni ìwọ̀n: ní model space, ìyẹn ojú ibi tí o ti ń yàwòrán, bí nǹkan ṣe tóbi gan-an ni kí o yà á. Bí ọ̀nà bá fẹ̀ tó mítà 1.5, mítà 1.5 náà ni kó jẹ́. Inú layout, ìyẹn ojú ìwé tí o máa tẹ̀, lo ti máa yan ìwọ̀n ìdínkù bíi 1:100 tàbí 1:200 nígbà tí o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

Fi igi sí layer (ìpele àwòrán tí o lè tàn tàbí pa) tirẹ̀, páìpù omi sí tirẹ̀. Kí o sì sọ irú igi kọ̀ọ̀kan di block, ìyẹn àwòrán kan tí o lè lò léraléra: tí o bá tún ọ̀kan ṣe, gbogbo irú rẹ̀ á yí padà, kíka iye tí o máa rà náà á sì rọrùn.

Tó bá jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́, Autodesk, ilé-iṣẹ́ tó ni AutoCAD, máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ètò náà lọ́fẹ̀ẹ́.