Ẹ Má Ṣe Da Sípírítì sí Ọgbẹ́ Abẹ́

Arákùnrin tí ẹ béèrè bóyá sípírítì ni kí ẹ fi máa nu ibi tí sípì ṣòkòtò ti bó nǹkan ọkùnrin yín, ẹ dákun, ẹ má dán sípírítì wò. Mo ṣe é ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ní ọdún 2016, ara mi kò sì tíì gbàgbé.

Ọgbẹ́ tèmi kò ju èékánná ìka kékeré lọ. Ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, mo da sípírítì sí i, ìrora rẹ̀ sì mú mi jókòó sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo tú ampiclox, mo bu ìyẹ̀fun inú rẹ̀ wọ́n ọn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ṣe. Ìyẹ̀fun náà gbẹ mọ́ pátá, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí mo bá ti ń bọ́ pátá lálẹ́, èépá a bá a ṣí, ẹ̀jẹ̀ a sì tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹfà, ó ti wú, ó ń ṣọyún, mo sì ń bẹ̀rù àtitọ̀. Mo gun ọ̀kadà láti Tákíẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan. Ẹni tí ó gbà mí kò wo ojú ọgbẹ́ rárá. Ó bi mí níwájú èrò pé ọ̀dọ̀ obìnrin wo ni mo ti kó o, ó sì kọ abẹ́rẹ́ àtọ̀sí fún mi. Inú mi ṣì ń ru, nítorí irú ìwà bẹ́ẹ̀ ni ó ń lé ọkùnrin padà sídìí oògùn orí igbá. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ni ó yẹ̀ ẹ́ wò níkẹyìn, tí ó sì sọ pé sípírítì ti jó ẹran tútù tí ó fẹ́ san.

Omi tó mọ́ ti tó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, láìṣí i wò. Ẹ fi bàsẹ́líìnì díẹ̀ pa á, kí ẹ sì wọ pátá òwú tí kò fún, èyí tí ẹ ó máa pààrọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má fi ìpara tí wọ́n fi ń bóra kàn án, nítorí púpọ̀ nínú wọn ni ó ní oògùn tí ń mú awọ fẹ́lẹ́. Ẹ bi ara yín léèrè ìgbà tí ẹ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kẹ́yìn. Bí ó bá ti ju ọdún 10 lọ, ẹ lọ gbà á. Bí ìtọ̀ bá ń ta yín, ẹ máa da omi sí i bí ẹ ti ń tọ̀.

Ṣùgbọ́n bí pípọ́n rẹ̀ bá ń tàn, tí ibà dé, tí ìtọ̀ kò jáde, tàbí tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ má dúró di ọ̀la kí ẹ tó lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n wo ojú ọgbẹ́ náà kí wọ́n tó kọ oògùn.