Ohun tí ojú mi rí ní wọ́ọ̀dù

Ẹ ní dókítà fẹ́ dá àbúrò yín dúró sí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, ẹ sì ń bẹ̀rù pé wọ́n á gbé iná mànàmáná sí i lórí, torí ìtàn tí bàbá àgbà yín máa ń sọ. Bàbá ò purọ́. Róòmù ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo iná yẹn ní 1938, láìsí oògùn oorun. Gìrì á mú aláìsàn débi tí eegun ẹlòmíì á fi ṣẹ́. Ó tiẹ̀ sàn ju ti àwọn tí wọ́n ń lu agbárí wọn láti gé ọpọlọ. Egas Moniz, dókítà ará Portugal tó bẹ̀rẹ̀ ìyẹn ní 1935, ẹ̀bùn Nobel ni wọ́n fún un ní 1949. (Ẹ̀bùn kí ni, ẹ jọ̀ọ́?) Chlorpromazine, oògùn àìsàn ọpọlọ tó dé ní 1952, ló kọ́kọ́ dín ariwo wọ́ọ̀dù kù. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó wà nílé ìwòsàn ọpọlọ tìjọba lé ní 550,000 ní 1955, kí iye náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ítálì ní tiẹ̀ ṣòfin ní 1978 pé kí wọ́n máa ti irú ilé bẹ́ẹ̀ pa.

Ṣùgbọ́n oògùn nìkan kọ́ ló yí padà. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé mi lọ, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi kí mi káàbọ̀. Nígbà tó fi máa dalẹ́, ọrùn mi ti lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ahọ́n mi wúwo bí òkúta. Mo ṣebí àìsàn náà ló ń le sí i. Kò sẹ́ni tó sọ pé abẹ́rẹ́ ló fà á, pé abẹ́rẹ́ mìíràn sì wà tó ń tú u kíákíá. Aláìsàn orí bẹ́ẹ̀dì kejì ló bá mi di orí mú títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, mo tún padà síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì jókòó tì mí, ó dárúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan, ó sọ ohun tó lè ṣe fún mi àtohun tó lè ṣe mí. Iná tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù yẹn, mo gbà á. Mo buwọ́ lùwé, wọ́n fún mi lóògùn oorun, mo jí, orí ń fọ́ mi, ó parí. Àfi pé n ò rántí ọjọ́ ìbí ọmọ mi tá a ṣe lóṣù tó ṣáájú. Fọ́tò ni mo fi mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Kí wọ́n sọ ìyẹn fún àbúrò yín kó tó buwọ́ lu ohunkóhun.

Ibi tó ṣì ń dùn mí ni ti ìjáde. Wọ́n nílò bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kí n máa lọ. Odindi oṣù méjì, ẹnikẹ́ni ò pè mí. Torí náà, kẹ́ ẹ tó gbé àpò rẹ̀ kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ bi wọ́n: ta ni yóò máa rí i, ọjọ́ wo, nọ́ńbà wo lẹ máa pè bó bá di òru?