Èsì: Ibuprofen, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ bi wá bóyá ibuprofen tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì fún orúnkún lè bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n ń rà ní ọjà Ìpàta lọ. Kò lè bá a lọ. Ẹ dá ibuprofen dúró lónìí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni kí wọ́n má dá dúró o.

Ibuprofen máa ń dá omi àti iyọ̀ dúró sára, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sì gòkè. Bó bá pàdé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril àti èyí tó ń mú ni tọ̀, kíndìnrín ló máa jìyà rẹ̀.

Bí ẹ̀dọ̀ wọn bá dá ṣáká, tí wọ́n sì ju kílò 50 lọ, ohun tí wọ́n lè lò fún orúnkún dípò ibuprofen nìyí:

1. Paracetamol 500 mg, ẹyọ kan tàbí méjì, wákàtí mẹ́fà síra. Kò gbọdọ̀ ju ẹyọ 8 lọ láàárín wákàtí 24.
2. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí oògùn ọ̀fìnkìn. Paracetamol sábà máa ń wà nínú wọn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń lò ó ní ìlọ́po méjì.

Ní ti àgbo, ẹ bi alágbo ohun tó fi rẹ ẹ́: omi, omidùn àbí ògógóró? Ti ògógóró ò gbọdọ̀ pàdé paracetamol, nítorí ẹ̀dọ̀. Kódà ti omi, bó bá ń mú wọn yàgbẹ́ gbuuru, omi ara á gbẹ, òòyì á máa kọ́ wọn.

Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tàbí ìtọ̀ tó dínkù: ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ kó gbogbo oògùn àti ìgò àgbo náà dání.