Adìẹ Brọ́ílà Mi Ń Kú, Ìgbẹ́ Wọn Funfun

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Iléṣà ni mo wà. Brọ́ílà 200 ni mo ń sìn, wọ́n pé ọjọ́ 26 lónìí. Láti ìjẹta ni wọ́n ti ń sorí kọ́, ìgbẹ́ wọn funfun, ó ń ṣàn bí omi. Méjì kú lánàá, mọ́kànlá láàárọ̀ yìí. Mo sì fún wọn ní àjẹsára Gumboro lọ́jọ́ 10! Ẹni tó ń ta oògùn ní kí n lo tẹtirasáìkílìn. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Gumboro náà, àrùn adìẹ tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, ni mo fura sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 6 ló máa ń kọlu adìẹ jù. Ẹ wò ó bóyá ìyẹ́ wọn rú, tí wọ́n ń gbọ̀n, tí wọ́n sì ń ṣa ìdí ara wọn jẹ. Lúkúlúkú, tí òyìnbó ń pè ní Newcastle, ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé ni tirẹ̀. Adìẹ á máa lanu mí, ọrùn àwọn mìíràn á lọ́. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ coccidiosis, ìyẹn kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, ó sì ní oògùn.

Ẹ di òkú méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sínú ọ̀rá onípele méjì, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran lónìí. Àpò kékeré kan wà lókè ihò ìdí adìẹ, bursa ni à ń pè é. Bí ó bá wú, tí ẹ̀jẹ̀ sì tò sí ẹran itan, Gumboro ni. Àmọ́ bí ogbe wọn bá dúdú tó wú, tí wọ́n ń kú lọ́pọ̀ lójijì, ẹ má fọwọ́ kan òkú kankan. Ẹ pe dókítà ẹran ìjọba, torí ó lè jẹ́ bird flu, àrùn tó wọ Nàìjíríà ní 2006 yẹn, ó sì lè ran ènìyàn.

Tẹtirasáìkílìn kò pa fáírọ́ọ̀sì, ẹ fi owó yẹn ra glúkóòsì àti fítámínì. Ẹ jẹ́ kí ibùsùn wọn gbẹ, kí ara wọn móoru. Ọjọ́ kẹta sí ìkẹrin ni ikú máa ń pọ̀ jù, lẹ́yìn náà ni yóò rọlẹ̀. Ẹ má fún àwọn tó ń ṣàìsàn ní àjẹsára báyìí, ẹ má sì gbé ìkankan lọ ọjà Àtàkúnmọ̀sà.

Àjẹsára yín ńkọ́? Báwo ló ṣe dé Iléṣà? Ẹnìkan gbé tirẹ̀ wá rí nínú báàgì kan náà pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín gbígbóná! Láìsí yìnyín, ó ti di omi lásán. Ṣé omi ẹ̀rọ lẹ fi pò ó? Kílórìnì inú rẹ̀ máa ń pa á. Omi kànga tàbí omi òjò ni kí ẹ lò, kí ẹ po mílíìkì oníyẹ̀fun tí kò lọ́ràá mọ́ ọn, gíráàmù 2.5 sí lítà kan. Ẹ fi òǹgbẹ gbẹ wọ́n fún wákàtí kan tàbí méjì, kí wọ́n mu ún tán láàárín wákàtí 2. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ 10 kì í sábà tó, torí ààbò tí ìyá adìẹ fún ọmọ rẹ̀ lè borí àjẹsára náà. Nítorí náà la fi ń tún un fún wọn ní nǹkan bí ọjọ́ 18 sí 21.

Fáírọ́ọ̀sì yìí lè wà nínú ilé adìẹ fún oṣù mélòó kan. Ẹ kó ibùsùn àtijọ́ dànù pátápátá, ẹ fi ọṣẹ fọ ilé kó mọ́ kí ẹ tó da Hypo sí i, kó sì ṣófo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó kó òmíràn wọlé.