Ìkookò àti ọmọ méjì lára owó Róòmù: ta ló sọ pé ìbejì ni wọ́n ń bọ?

Ẹnìkan bèèrè ìdí tí ìkookò tó ń fún ọmọ méjì lọ́mú fi wà lára owó idẹ Róòmù àtijọ́. Ìdáhùn tí wọ́n fún un ló bí mi nínú: wọ́n ní ìbejì ni àwọn ará Róòmù ń bọ bíi tiwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Romulus àti Remus ni àwọn ọmọ náà, ìtàn wọn sì ni pé Romulus pa Remus nígbà tí wọ́n ń jà lórí ìlú tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ dó. Ṣé bí a ṣe ń bọ ìbejì nìyẹn?

Oríkì ìlú ni àwòrán yẹn, mi ò yẹsẹ̀ lórí ẹ̀: ọmọ Mars òrìṣà ogun, ọmọ tí ìkookò tọ́ létí odò Tiber. Ẹ mú ọ̀kan nínú èyí tí Constantine, ọba Róòmù, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 330. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Lójú kan, obìnrin kan dé àṣíborí ogun, wọ́n kọ VRBS ROMA sí i, ìyẹn ìlú Róòmù. Ẹ yí i padà: abo ìkookò dúró, ó bojú wẹ̀yìn wo àwọn ọmọ lábẹ́ ikùn rẹ̀, ìràwọ̀ méjì wà lókè. Kò sí ojú ọba níbẹ̀, kò sí orúkọ ọba. Owó ọba kẹ̀!

Ọdún 330 yẹn náà ló ṣí Constantinople, olú ìlú rẹ̀ tuntun. Ó ní láti tu Róòmù àgbà lójú, ló bá ń kì í. Ẹni tó pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kristẹni jọ sí ìlú Nicaea ní 325 ló tẹ ìkookò yìí o, ẹ wá ní ìbọ ni! Ọba Antoninus Pius ti lò ó ṣáájú, ọba Philip náà lò ó ní 248 nígbà tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ 1,000 ọdún ìlú náà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé iye tí wọ́n máa tà á ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń bèèrè báyìí. Wọ́n á ha á kó lè dán, wọ́n á sì ha lẹ́tà ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù, bẹ́ẹ̀ TR tó wà níbẹ̀ ì bá sọ fún wọn pé Trier, ní Jámánì òde òní, ni wọ́n ti rọ ọ́.

Ẹ wá èkejì rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ CONSTANTINOPOLIS sí, kẹ́ ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Victory, òrìṣà ìṣẹ́gun wọn tó ní ìyẹ́ apá, fi ẹsẹ̀ lé imú ọkọ̀ ojú omi. Èmi gbà pé ogun orí omi tí wọ́n fi ṣẹ́gun Licinius, ọba kejì tó ń bá a du ipò, ní 324 ni Constantine fi ń ki ìlú tuntun náà.