Ẹ háyà ilé níbẹ̀ ná: ìdáhùn mi lórí Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì

Ẹ kú iṣẹ́ o, bùrọ̀dá mi. Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn. Ẹ ní ó ku oṣù mẹ́ta kí ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin àti màmá nìkan ló kù nílé, àwọn ọmọ ti wà ní Kánádà, ariwo Mushin ti sú yín, ẹ sì fẹ́ mọ ibi tí àwọn èèyàn ti lọ́yàyà jù nínú Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, tí ilé ìwòsàn kò sì ní jìnnà. Irú ìbéèrè tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń bi ara wa nìyẹn lọ́dún 2013. Tíṣà ni mí nígbà náà, ó ku ọdún mẹ́ta kí n gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Bàbá ti ṣáájú mi fẹ̀yìn tì.

Lójú tèmi, Ẹ̀pẹ́ ni. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra ilẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ kò bèèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ ṣáà jẹ́ n sọ ọ́.

Sátidé kan nínú ọyẹ́ ni ẹ̀jẹ́ńtì gbé wa lọ wo ilẹ̀, a kọjá ìgboro Ẹ̀pẹ́ díẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló mú ẹ̀jẹ́ńtì náà wá, nítorí náà a kò bèèrè púpọ̀. Ilẹ̀ gbẹ, afẹ́fẹ́ tutù, wọ́n ra ẹja yíyan fún wa lójú ọ̀nà. Olórí ẹbí ta ọtí sílẹ̀, ó gbàdúrà pé orí ilẹ̀ yẹn la ó ti gbé ọmọ-ọmọ jó. Àwọn ìyàwó ilé kọrin, wọ́n sọ mí ní Ìyàwó Wa. Mo sunkún ayọ̀ nínú mọ́tò. Bùrọ̀dá mi, kò sí ìlú tí kì í lọ́yàyà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń sanwó.

₦850,000 la san, láti inú owó ìfẹ̀yìntì bàbá. Ẹ̀jẹ́ńtì yẹn náà ló fún wa ní awọnlẹ̀. Òun náà ló fún wa ní lọ́yà. Ẹ tún gbólóhùn méjì yẹn kà, nítorí ibẹ̀ gan-an la ti kú. Ẹ̀yìn ìgbà tó ti bàjẹ́ la tó mọ̀ pé lọ́yà ẹbí onílẹ̀ ni lọ́yà wa.

Awọnlẹ̀ gba ₦180,000, ó mú sọ́fè, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ náà, wá pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ìlà pupa. Bàbá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi rọ́bà bo ìwé, kí òjò má bàa bà á jẹ́. Ó ṣì wà nínú àpótí wa títí dòní, ó ń dán.

Nígbà tí a fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni àwọn ọmọ onílẹ̀ dé. Owó ìpìlẹ̀. Owó fẹ́ǹsì. Wọ́n ní tí a bá dé orí jámánì fúlọ̀, kọnkéré tí wọ́n ń dà lé ìpìlẹ̀, tibẹ̀ náà wà, tí a bá fẹ́ kan òrùlé, ti òrùlé ń dúró. Ọmọ àwọn obìnrin tó kọrin fún mi ló gun orí yẹ̀pẹ̀ mi, wọ́n sì gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ bíríkìlà. Nígbà yẹn kò tíì sí òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2016, èyí tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹnikẹ́ni fipá wọ ilẹ̀ onílẹ̀ tàbí kó máa bu owó lé ẹni tó ń kọ́lé. Ó ti wà báyìí, ẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé wọ́n á sá torí pé ẹ dárúkọ òfin.

Ọmọ kan tí mo kọ́ ní praimárì ló tú àṣírí. Ó ti di awọnlẹ̀. Mo fi sọ́fè náà hàn án láti yangàn ni. Ó wo àwọn nọ́ńbà tó wà létí àwòrán náà, èyí tó ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà gan-an, ó tẹ̀ wọ́n sínú fóònù rẹ̀, ó dákẹ́. Ó ní, “Mà, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀?” Mo ní kí ló dé. Ó yí fóònù sọ́dọ̀ mi. Inú ọ̀sà ni nọ́ńbà náà bọ́ sí. Kì í ṣe etí omi o. Agbami, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà.

Ó wá là mí lóye pé awọnlẹ̀ tó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà kan sọ́fè sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Surveyor-General, èyí tí wọ́n ń pè ní red copy. Tiwa kò débẹ̀ rí. Ọmọ náà bá wa wọn ilẹ̀ náà gan-an, ó mú nọ́ńbà rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Inú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà ni.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní excision. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ ọdún 1978, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Èyí tí ìjọba bá gbà, tó tún yọ apá kan padà fún ẹbí tàbí abúlé, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú gásẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba, ìyẹn ni ẹbí lè tà fún yín kí ẹ sùn. Ẹ̀jẹ́ńtì á ní “excision ń lọ lọ́wọ́.” Bùrọ̀dá mi, ó ń lọ lọ́wọ́ kọ́ ni ó ti dé. Àwọn kan ti darúgbó sórí ó ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀nà méjì ni ti ìjọba sì pín sí. Èyí tí wọ́n kàn fi àlà yí ká lápapọ̀, ó ṣì lè ní ẹ̀bẹ̀. Èyí tí wọ́n ti ya sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó, tí wọ́n ń pè ní committed, kò ní ẹ̀bẹ̀ kankan. Èyí tí kò ní ẹ̀bẹ̀ ni tiwa.

Ṣùgbọ́n a kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ kíákíá, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹ lọ, kí ẹ padà wá ní Thursday. Ìgbà mọ́kànlá. Mo kà á, tíṣà ni mí, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Aago márùn-ún ìdájí la ti ń jáde nílé. Lẹ́ẹ̀kan, fáìlì wà lókè. Lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sìnkú. Lẹ́ẹ̀kan, ọ̀gá náà ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà, ó ní kí a jẹ́ kí òun jẹun tán. Nígbà tó jẹun tán, ó ní iṣẹ́ ti parí fún òní. Bàbá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Orí ìdúró ló wà láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó fún un ní àga, àwọn ọmọ tí kò tó àbígbẹ̀yìn wa ń pè é ní “Baba yìí.” Ọjọ́ yẹn dùn mí ju owó lọ. Kódà bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Awọnlẹ̀ wa ńkọ́? Ó ní “àṣìṣe kọ̀ǹpútà ni, mà,” kò sì gbé fóònù wa mọ́. Olórí ẹbí ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní bàbá ló gbowó, àwọn kọ́. Ọdún mẹ́ta la fi fà á kí wọ́n tó dá ₦300,000 padà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń dá àjọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá máa rà á pàápàá: awọnlẹ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá ni kó gbé nọ́ńbà ilẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláúsá kí ẹ tó san kọ́bọ̀, lẹ́yìn náà gásẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà lọ́yà tiyín. Ìyókù ẹ ti mọ̀. Ẹ sì wọn ilẹ̀ náà o! Púlọ́ọ̀tì tí a mọ̀ láti ìgbà àwọn bàbá wa, 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120 ni. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta ilẹ̀ báyìí lè gé ìdajì rẹ̀ fún yín kí wọ́n ṣì pè é ní púlọ́ọ̀tì. Láti ìgbà tí ibùdókọ̀ ojú omi Lekki àti ilé ìfọpo Dangote ti dé Ìbẹjú-Lekki lọ́dún 2023, gbogbo igbó tó wà lágbègbè yìí ló ti di “ẹ̀gbẹ́ rifáínárì” lẹ́nu wọn.

Kí ni ẹ tiẹ̀ bèèrè? Ẹ̀hẹ́n, ọ̀yàyà.

Lọ́dún 2016 tí mo fẹ̀yìn tì, a háyà ilé oníyàrá méjì nínú ìgboro Ẹ̀pẹ́. Oṣù mẹ́rìnlá. Láàárín oṣù mẹ́rìnlá yẹn ni mo tó mọ ìlú. Oṣù méjì àkọ́kọ́, wọ́n kàn ń kí wa ni, wọ́n ń wò wá. Mo máa ń lọ sí ọjà Olúwo láàárọ̀ lọ ra ẹja, wọ́n sì ń fi owó bẹ́ mi lórí nítorí pé ohùn mi jọ ti ará ìgboro Èkó. Nígbà tí mo lọ bá ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́ja ṣe ìsìnkú ìyá rẹ̀, tí mo jókòó fọ abọ́, ẹja mi bẹ̀rẹ̀ sí í ní ènì. Lónìí, bí fèrèsé mi kò bá ṣí di aago mẹ́jọ, ẹnìkan á wá kan ilẹ̀kùn. Ohun tí mo ń pè ní ọ̀yàyà nìyẹn. Àwọn tó kọrin fún mi lórí ilẹ̀ kò ní kan ilẹ̀kùn mi.

Ẹ óò rí i pé Èkó Ẹ̀pẹ́ wà, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ wà. Ẹ má bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ta ló dé ṣáájú. Ẹ lọ jẹ Kayokayo ní Èkó Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn Iléyá, ọdún tí wọ́n fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe kó àwọn èèyàn rẹ̀ débẹ̀ láti Èkó lọ́dún 1851. Ẹ jẹun, ẹ jó, ẹ dákẹ́.

Àgbádárìgì, àbúrò mi obìnrin ń gbé ibẹ̀, ó ní kò sí ohun tó lè gbé òun kúrò. Àgbọn, afẹ́fẹ́ òkun, ìdákẹ́jẹ́, ilé pẹtẹ́ẹ̀sì ọdún 1845 tí wọ́n ní òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tó ti wò títí tó ti sú u. Àwọn Ògù, tí a ń pè ní Ẹ̀gùn, ló ni ibẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n àbúrò mi ní ọjọ́ tí òun kọ́ ìkíni wọn ni òun di ará ilé. Ìṣòro ibẹ̀ ni ọ̀nà. Láti 2009 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì. Rélùwéè Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2023, Mile 2 ló mọ, ilẹ̀ ṣì pọ̀ níwájú. Àwọn tó ń dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà nítorí ẹnubodè Sèmè, èmi kò lè kà wọ́n tán. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun sì ń jẹ páànù, ẹ má fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ilé níbẹ̀.

Ìkòròdú kì í ṣe ìlú kékeré mọ́, ẹ má tan ara yín. Ariwo Mushin tí ẹ ń sá fún ti ṣí lọ síbẹ̀ ṣáájú yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọnú lọ sí ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́ tàbí Ìmọ́ta, ó rọjú. Ẹ̀rọ amúnáwá Egbin tó lè pèsè 1,320 megawatt iná wà lágbègbè yẹn, àwọn tó ń ta ilé á fi ṣe ìpolówó fún yín. Ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé onígaàrí náà ń sùn lébi. Ẹ bi aládùúgbò léèrè, ẹ má bi onílé. Ní September sí October, bí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ ní ìdídò Ọ̀yàn, àwọn ibi tó sún mọ́ odò Ògùn, bíi Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ń rí omi nínú yàrá. Kí màmá sì mọ̀ pé lọ́jọ́ Mágbó, ọdún ìṣẹ̀ṣe kan, obìnrin kì í jáde ní Ìkòròdú. Wọ́n máa ń kéde rẹ̀, kí ẹ ṣáà ra oúnjẹ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ màmá tún rán mi létí. Ṣé màmá ló fẹ́ kó, àbí ẹ̀yin? Ọkùnrin máa ń yan ìlú nítorí afẹ́fẹ́, obìnrin ló ń wá ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ẹni tí yóò bá a di irun. Àwọn tọkọtaya kan tó kó wá lẹ́yìn wa, ìyàwó ti padà sí Súrùlérè, ọkọ ń dá gbé, ó ń jẹ indomie.

Ilé ìwòsàn: General Hospital wà ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ẹ óò bèèrè ni ibi tí wọ́n ń gbé aláìsàn lọ láti ibẹ̀, àti ẹni tó ní mọ́tò lóru. Lóru ọjọ́ kan ní 2019, ẹ̀jẹ̀ bàbá ru sókè. Ọmọ ilé kejì tó ń wa kòròpé ló gbé wa lọ sí General. Nígbà tí wọ́n ní ká gbé e lọ síwájú, a kò tiẹ̀ ro ti Ìkẹjà. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde la gbà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ṣágámù. Ọ̀nà yẹn tú sílẹ̀ lóru. Bàbá ń sùn lórí àga báyìí, ó ń han-run.

Ìṣòro tí a ní nínú ilé tí a háyà kò pọ̀, àfi omi kànga tó ní ìpẹtà, aṣọ funfun mi gbogbo di pupa. Ilé yẹn náà la padà rà lọ́wọ́ opó tó ni ín. Ọmọ tí mo kọ́, tó di awọnlẹ̀ yẹn, ló lọ yẹ ìwé rẹ̀ wò ní Aláúsá kí n tó yọ owó.

Bí ẹ bá ń bọ̀ wá wo ilé, ẹ má wá nínú ọyẹ́. Ẹ wá ní July, lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú, kí ẹ wọ bàtà rọ́bà. Kí màmá tẹ̀ lé yín.